Imú Bàbá Eléèéfín

Bàbá Eléèéfín ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá mi, torí mọ́tò tó bá ń rú èéfín ni iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì yòókù a kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Òun a bẹ̀rẹ̀ nídìí sàlẹ́ńsà, a fi áńkáṣíìfù funfun gba èéfín, a sì gbé e símú. Bó bá rùn bí epo ẹ́ńjìnnì, tọ́bò tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì ló ń jo epo. Bó bá ta sánsán bíi ṣúgà, omi rédíétọ̀ ló ń jóná nínú, gásíkẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí omi wọnú ẹ́ńjìnnì ti lọ nìyẹn. Ọdún mẹ́jọ ni èmi ọmọbìnrin rẹ̀ ti ń bá a ṣiṣẹ́, mi ò rí i kó ṣì í rí.

Lọ́jọ́ kan, ìkòkò jóná lórí sítóòfù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ka ìwé ìròyìn lọ ní tirẹ̀. Ìyá mi pariwo pé, "Ṣé imú yín rìnrìn àjò ni?" A rẹ́rìn-ín. Ó ń dùn mí dòní pé a rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ sígbà náà ni agbẹ̀bí tó gbẹ̀bí mi gbé mọ́tò rẹ̀ wá láàárọ̀. Èéfín rẹ̀ kò funfun tán bíi ti omi, kò sì búlúù tán bíi ti epo. Aboyún kan ń retí rẹ̀ lábúlé lọ́jọ́ kejì. Bàbá gbé áńkáṣíìfù símú, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Epo ni. Tọ́bò ló ń jò."

Mo gba áńkáṣíìfù náà. Ṣúgà ni mo gbọ́. Mo mọ̀ pé bó bá lọ bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì yóò kú mọ́ agbẹ̀bí lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí mo bá jiyàn, Bàbá á ní, "Bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà." Ta ni yóò já bàbá rẹ̀ nírọ́ lójú oníbàárà? Mo panu mọ́. Ojo ni mí lọ́jọ́ yẹn.

A tú tọ́bò. Ọ̀pá inú rẹ̀ kò mì, páìpù rẹ̀ gbẹ táútáú, kò jo epo rárá. Bàbá fìka nù ún lẹ́ẹ̀mẹta.

"O gbóòórùn rẹ̀ láàárọ̀, àbí?"

"Mo gbọ́, Bàbá. Ṣúgà ni."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

Bàbá jókòó sórí táyà.

"Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mi ò gbóòórùn nǹkan kan mọ́. Mo rò pé ó máa padà. Àwọ̀ èéfín ni mo kàn fi ń méfò."

Ó dìde, ó ṣí fìlà, ó lọ bá agbẹ̀bí lórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ má bínú, mo ṣì í. Ọmọ tí ẹ gbẹ̀bí rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Òun ló máa tún un ṣe."

Mo pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì dún nírọ̀lẹ́, Bàbá bẹ̀rẹ̀ nídìí sàlẹ́ńsà bó ṣe máa ń ṣe. Kò gbé áńkáṣíìfù símú. Ó nà án sí mi.

"Báwo ló ṣe rùn?"

"Kò rùn mọ́, Bàbá."

Ó mi orí. "Bí gbogbo nǹkan ṣe rí fún mi náà nìyẹn."

Mo bú sẹ́kún níwájú agbẹ̀bí tó gbọ́ ẹkún mi àkọ́kọ́.