Tẹ́sítà Kì í Parọ́

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Oníná ti ń tún iná mọ́tò ṣe lábẹ́ páànù kan náà, agídí rẹ̀ kò sì dín kù. Bí oníbàárà bá ń ṣàlàyé ohun tó ń ṣe mọ́tò rẹ̀, kì í dá a lóhùn. Tẹ́sítà ló máa ń fà yọ, irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó ní gílóòbù kékeré nínú èèkù. Bí ẹnu irin bá kan wáyà tí iná wà nínú rẹ̀, gílóòbù yẹn á tàn. Ó máa ń ní ẹnu èèyàn lè parọ́, ṣùgbọ́n tẹ́sítà kì í parọ́.

Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyàwó rẹ̀, ni pé ojú òun ń lọ. Ti òsì ti kú. Ti ọ̀tún ń rí nǹkan bàìbàì, bí ẹni ń wo ìta láti inú ọ̀rá. Ọwọ́ ló fi ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ náà sì mọ iṣẹ́ débi tí ẹnikẹ́ni kò fura. Síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà á. Ta ni yóò gbé mọ́tò wá fún afọ́jú pé kó tún iná òun ṣe?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé mọ́tò ògbólógbòó rẹ̀ wá. Iná àjà inú rẹ̀ ló kú. Oníná ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ gbayawu, nítorí ilẹ̀kùn ṣíṣí ló ń tan iná náà. Ó fi ìka tú ìdérí, ó pààrọ̀ gílóòbù. Kò rí i kó tàn. Ó fi òmíràn sí i, ìyẹn náà kò tàn. Ó wá yọ ọ́, ó fi tẹ́sítà kan wáyà. Òkùnkùn.

Ó ní iná kò dé òkè yẹn rárá. Ó pààrọ̀ fíùsì, ó fa aṣọ àjà ya, ó gé wáyà, ó fi tuntun so ó, ó sì fi gílóòbù kẹta sí i. Òógùn bò ó. Ó bú àwọn tó ṣe mọ́tò náà, ó bú baba tó bí wọn. Nígbà tó tún gbé ọ̀bẹ, nọ́ọ̀sì tó jókòó sẹ́yìn wúkọ́.

"Oníná, ẹ má bínú o. Gílóòbù àkọ́kọ́ yẹn tàn. Ìkejì náà tàn. Mo rò pé ẹ mọ nǹkan tí ẹ tún ń wá ni."

"Tẹ́sítà ńkọ́?"

"Òun náà tàn."

Oníná nawọ́ sókè. Gílóòbù kẹta jó o níka, kò sì tètè gbọ́wọ́ kúrò.

Lẹ́yìn náà, ó wá káàdì ilé ìwòsàn ojú kan jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí irinṣẹ́, ó ní kí nọ́ọ̀sì bá òun wo ọjọ́ tí wọ́n ní kí òun padà wá. Nọ́ọ̀sì wò ó títí. Ó ní ọjọ́ náà ti kọjá láti bí ọdún kan àti oṣù méjì.

"Ṣé ojú tó ti lọ lè padà?"

"Kò lè padà mọ́," ni obìnrin náà wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ gba èyí tó kù sílẹ̀."

Oníná ní kó ní sùúrù. Ó ní iṣẹ́ iná àjà kì í parí àfi tó bá kú nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì ti ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Oníná gbójú sókè.

"Ẹ bá mi wò ó," ló wí. "Ṣé ó ti kú?"