Ilẹ̀kùn Tí Gíláàsì Kọ̀ Láti Wọ̀

Nígbà tí mo ṣì kéré, kí ẹ̀gbẹ́ títì ní Ìkòsí tó di kìkì ilé alájà, ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mọ́mì mi fara kan ti káfíńtà kan. Ojú máa ń tì mí gan-an nígbà yẹn, ẹ̀yin àbúrò mi. Bí mo bá ń kí àgbàlagbà, ètè mi nìkan ló ń mì. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn láti máa wo káfíńtà náà lẹ́nu iṣẹ́.

Kò pẹ́ tí wọ́n ra rúútà, ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ igi, ni wọ́n gba iṣẹ́ ilẹ̀kùn kan fún onílé kan ní Magodo. Wọ́n fẹ́ dá ihò gíláàsì tó rí bí ẹyin sí àárín rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ gé pátánì, ihò àwòṣe tí rúútà yóò tẹ̀ lé, sára pílíwúùdù, wọ́n fi gíláàsì wọ̀ ọ́ wò, ó ṣe rẹ́gí. Òrùka irin kan wà lábẹ́ rúútà. Òun ló ń rìn mọ́ etí pátánì, kí irin tó ń gégi má bàa jẹ ẹ́.

Wọ́n gé e tán, gíláàsì kò wọ̀. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ló gbọ̀n. Bí wọ́n ṣe ń fi òòlù fẹ ihò náà, igi là dé ìsàlẹ̀. Wọ́n kan òmíràn, igi sì tán pátápátá. Ọjọ́ kejì ni onílé ń bọ̀. Mo rí i tí wọ́n tún gbé pátánì yẹn kan náà lé e.

Mo sáré bá mọ́mì mi.

"Mọ́mì, kò ní wọ̀ o."

"Èmi lo wá ń sọ fún? Ṣé èmi ni mo ni ilẹ̀kùn ni?"

Mo padà lọ. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì gé e."

Wọ́n pa ẹ̀rọ. "Ìwọ tí kì í kí mi kí n gbọ́, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?"

Mo na ìka sí òrùka náà. Òun ló ń kan pátánì. Irin tó ń gégi wà láàárín rẹ̀, kò dé etí, ìdí nìyẹn tí ihò fi ń kéré. Mo ní kí wọ́n fẹ pátánì díẹ̀ yíká, bí mọ́mì mi ṣe ń gé aṣọ ju ara ẹni tó ni ín lọ, nítorí ojú rírán.

Wọ́n wọn àlàfo náà, wọ́n fẹ pátánì. Gíláàsì wọlé wẹ́rẹ́.

"Ìyá aránṣọ!" ni wọ́n pariwo, "ọmọ yín mà lóhùn o!"

Lónìí, ilẹ̀kùn tó ti òkè òkun wá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà. Àwọn tó ṣì ń kan án ti gbé ẹ̀rọ wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Iṣẹ́ ń yá, mi ò bú u. Àmọ́ bí mo bá rí ọmọ tó ń tijú, mo máa ń rò ó pé níbo ló ti máa dúró wo iṣẹ́ pẹ́ títí, tí yóò fi di dandan fún un láti sọ̀rọ̀.