Bàbá Mi Gbégbá Orókè ní Kílíníkì

Mo rántí ìgbà tí wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́ fún bàbá mi ní kílíníkì àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Ilé kékeré kan báyìí ni kílíníkì ọ̀hún, ní ìlú wa tí kò jìnnà sí Òrin, wọ́n to bẹ́ńṣì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Oṣooṣù làwọn àgbà máa ń kóra jọ síbẹ̀: àgbẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn ìyá tí ọmọ wọn wà l'Ékòó. Wọ́n á kọrin díẹ̀, nọ́ọ̀sì àgbà á gbàdúrà, á wá máa wọn ìfúnpá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì máa kéde rẹ̀ sókè bí ìgbà tí wọ́n ń ka èsì ìdánwò. Tí tẹnì kan bá ga, ẹni náà á gba ìbáwí tirẹ̀ lójú gbogbo ayé. Tí tẹnì kan bá dáa, wọ́n á ní kó dìde, ọ̀dẹ̀dẹ̀ á hó yèè. Bàbá mi kì í fìdí rẹmi. Hẹ́dímásítà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n ti na ọmọ láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́. Bí wọ́n bá ti gbọ́ èsì wọn báyìí, wọ́n á dìde, wọ́n á tún fìlà ṣe, wọ́n á tẹrí ba díẹ̀ bí ẹni tí gómìnà fẹ́ bọ̀ lọ́wọ́.

Èmi ni mo máa ń fi ọ̀kadà gbé wọn lọ. Èmi wo? Èmi àbíkẹ́yìn wọn, tí mo fi yunifásítì Ọ̀yẹ́ sílẹ̀ lọ́dún kejì. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́: yunifásítì ló fi mí sílẹ̀. Ká ní wọ́n ń fi oorun gba oyè ni, ọ̀jọ̀gbọ́n ni ẹ bá máa pè mí báyìí. Mo ti gba òdo rí nínú ìdánwò tí ẹni tí kò wá ṣe é rárá náà gba òdo, àwa méjèèjì wá jọ dọ́gba, òun sùn sílé, èmi ló ń làágùn. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti ń tẹ ọ̀kadà pé kó ṣiṣẹ́ ni bàbá mi máa ń wo òkè, wọ́n á ní, "Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà." Èmi náà á fèsì nínú ikùn mi: ilé tó ń jò láti yàrá dé pálọ̀ yìí, ta ni yóò rà á?

Màmá kan wà láti Òrin, wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́, ara wọn le bí irin. Àwọn ni wọ́n máa ń gbẹ́yìn nínú kíláàsì ọ̀hún. Kò sí oṣù tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í ga.

Nọ́ọ̀sì á pariwo, "Màmá, ẹ tún ti ń jẹ iyọ̀!"

"Ọmọ mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, mo lo oògùn mi. Àárọ̀ àná, mo lò ó. Àárọ̀ yìí, mo lò ó. Ẹ̀jẹ̀ ulé wa ló lágídí."

Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Màmá náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, nọ́ọ̀sì á fà wọ́n lé dókítà lọ́wọ́, dókítà á yí oògùn padà, á fi òmíràn kún un, á ní kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bàbá mi á mi orí. "Olódo," wọ́n á sọ ọ́ jẹ́jẹ́, wọ́n á wá fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò mí, torí orúkọ àbísọ mi nìyẹn nílé wa. Wọ́n á tún ní, "Èmi, kí wọ́n máa bú mi láàárín èèyàn báyìí? Ikú yá ju ẹ̀sín lọ." Ní ti bàbá mi, dókítà kì í pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ wọn. Oògùn tí wọ́n ti ń gbà tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n á tún gbà. Ta ló ń bi ẹni tó gba ipò kìíní pé kó ṣàlàyé bó ṣe ṣe é?

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Orí rédíò ni oògùn wọn máa ń wà. Tí a bá ti kílíníkì dé, eruku á máa kó lé e, ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ kejì, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ kílíníkì bá ti ku díẹ̀, ilé wa á yí padà. Bàbá mi á ní kí wọ́n má fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ mọ́. Wọ́n á tètè sùn. Wọn ò ní bá ìyá mi jiyàn, bí ìyá mi tiẹ̀ wá ìjà wọn wá. Oògùn wọn, wọ́n á máa lò ó láàárọ̀ bí ẹni ń gba kọmúníọ̀n. Mo wò ó, mo tún un wò, mo ní, háà! Mo mọ iṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ tí mo fi ọdún méjì ṣe l'Ọ́yẹ̀ẹ́ nìyí! Kéèyàn pa ìwé tì, kí ìdánwò wá ku ọ̀la, kó wá ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù, kó máa há gbogbo rẹ̀ sórí.

Mo sọ fún wọn lọ́jọ́ kan. "Bàbá, ẹ̀yin náà ń há a sórí."

"Ta ló ń há kí ni sórí? Gbẹ́nu ẹ dákẹ́."

"Láti ìgbà tí a ti dé, ẹ ò fọwọ́ kan oògùn yẹn. Kílíníkì wá ku ọ̀tunla, ẹ ń gbé e mì bí ẹ̀pà."

Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà bóyá ìyá mi ń bọ̀. "Oògùn yẹn ń jẹ́ kí n máa tọ̀ ṣáá. Ṣé kí n máa ka ẹ̀kọ́ kìíní lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kí n wá sáré jáde lọ tọ̀? Kò sí nǹkan tó ń dùn mí. Ṣé o ò gbọ́ àtẹ́wọ́ ni?"

"Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀, bẹ́líìtì lẹ fi kí mi káàbọ̀."

Bàbá mi bá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé àpótí mi dé láti Ọ̀yẹ́, wọn ò tíì bá mi rẹ́rìn-ín rí. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ ọkùnrin méjì nìyẹn o. Ìyá rẹ ò gbọ́dọ̀ gbọ́." Orí mi wú. Ó pẹ́ tí mo ti ń wá nǹkan tí èmi àti bàbá mi máa jọ mọ̀. Mo ṣì máa ń rán wọn létí oògùn lẹ́yìn ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ ni mo fi ń ṣe, ẹ̀fẹ̀ náà ni wọ́n sì fi ń dá mi lóhùn.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ló ṣẹlẹ̀, kílíníkì ṣì jìnnà. Wọ́n ń bá mi wí nítorí pé mo gbé ọ̀kadà kọjá lórí aṣọ tí ìyá mi sá. Ọ̀rọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ lẹ́nu wọn. Mo rò pé wọ́n ń sín mi jẹ ni, torí wọ́n máa ń sín ohùn mi jẹ dáadáa, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ni mo ń rín nígbà tí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ara wọn rọ̀, tí wọ́n fi yọ̀ bọ́ lórí àga. Ẹ ò rí i pé wọn ò purọ́ mọ́ mi nígbà tí wọ́n pè mí ní olódo.

Táksì aládùúgbò la fi gbé wọn dé ọsibítù ní Ìdó. Rọpárọsẹ̀ ni. Ọwọ́ ọ̀tún ò gbé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ti wọ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ò jáde mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ. Dókítà ọ̀dọ́bìnrin kan dé ìdí bẹ́ẹ̀dì, ó bi wá bóyá wọ́n ń lo oògùn.

Ìyá mi gba ọ̀rọ̀ náà tìyanu-tìyanu. "Wọ́n ń lò ó dáadáa o, dókítà! Àwọn ni wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́ fún ní kílíníkì. Kí ló wá dé?"

Dókítà ń wo ojú ẹ̀rọ tó so mọ́ wọn lápá, ó ń ṣe hùn-ùn. "Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń lò ó, tó tún ga tó báyìí, a jẹ́ pé oògùn yẹn ò ràn wọ́n. Ọ̀nà mìíràn la máa gbé e gbà nìyẹn."

Bàbá mi na ọwọ́ òsì kọjá lórí àyà wọn, wọ́n di ṣẹ́ẹ̀tì mi mú. Wọ́n ń wò mí. Mo mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀ mí fún bí ẹni pé wọ́n fi ẹnu sọ ọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí àgbà tó sọ fún mi ohun tí èèyàn máa ṣe nígbà tó bá jẹ́ pé ẹlòmíì ló dákẹ́, tí ara ẹni náà sì wà lọ́wọ́ rẹ.

Mo ní, "Wọn ò lò ó, dókítà. Tí kílíníkì bá ku ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n ń lò ó."

Ìyá mi la ẹnu, kò lè pa á dé. Dókítà ò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó pa ohun tó ti kọ rẹ́, ó kọ òmíràn, ó ní, "O ṣeun." Ọwọ́ bàbá mi kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì mi. Wọ́n yí ojú sí ògiri.

Wọn ò lo ọ̀sẹ̀ kan tán láyé lẹ́yìn ìyẹn. Dókítà náà pè mí sẹ́yìn, ó ní ohun tí mo sọ ran àwọn lọ́wọ́, ó ní ẹ̀jẹ̀ ti ya sínú ọpọlọ kí a tó dé, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ì bá ṣe. Mo gbà á gbọ́. Kò dá oorun mi padà.

Ọ̀kadà ni mo ṣì ń gùn. Lọ́jọ́ kílíníkì, mo máa ń gbé màmá Òrin, wọ́n á rọra di èjìká mi mú, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ títí a ó fi dé. Ẹ̀jẹ̀ wọn ò tíì sọ̀ tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Nọ́ọ̀sì ṣì ń bá wọn wí. Wọ́n wà láyé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Tí mo bá já wọn sílẹ̀ tán, mo máa ń jókòó sórí ọ̀kadà níta, mi kì í wọlé.

Gbogbo ọjọ́ tó kù kí bàbá mi tó kú ni mo fi jókòó tì wọ́n ní Ìdó. Wọn ò yí ojú kúrò lára ògiri. Bóyá inú ló ń bí wọn sí mi, bóyá ìtìjú ni, bóyá wọ́n ti dárí jì mí, mi ò lè mọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ojú wọn ló kù sí ọ̀dọ̀ mi, ìyẹn sì ti kú. Mo wò ó títí, kò sí nǹkan kan tí mo lè kà níbẹ̀.