Ọjọ́ Tí Mo Gbààwẹ̀ Wọ Bàálù

Kò tíì pẹ́ tí mo parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀ nígbà tí báǹkì kan ní Benin pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Èkó ni mo wà, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi. Ọ̀sán ni wọ́n fẹ́ rí mi, ẹ̀gbọ́n màmá mi sì ní òun ò ní jẹ́ kí n gbé eruku ojú ọ̀nà wọlé tọ àwọn ọ̀gá báǹkì lọ. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù àárọ̀ fún mi. Mi ò wọ bàálù rí.

Èmi àti màmá mi ti jọ sọ ọ́ lórí fóònù pé a máa gbààwẹ̀ lọ́jọ́ náà, omi pàápàá ò ní kan ẹnu wa títí màá fi kúrò níwájú wọn. Bẹ́ẹ̀ la máa ń ṣe nílé wa tí ohun ńlá bá wà nílẹ̀. Inú mi dùn sí i. Ẹ̀rù iṣẹ́ yìí ń bà mí, ẹ̀rù tún ń bà mí pé wọ́n á rí ẹ̀rù náà lójú mi. Ebi ní tiẹ̀, ó kéré tán, mo mọ ibi tó wà nínú ara mi.

Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà náà, ọ̀fìnkìn sì ti dí mi nímú. Bí bàálù ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ ní Benin, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tó ń tọ́jú èrò gbé abọ́ súìtì dé ọ̀dọ̀ mi. Mo mi orí.

"Ẹ mú un, mà. Nítorí etí yín ni."

"Mò ń gbààwẹ̀ ni."

Bàbá tó jókòó tì mí na ọwọ́. "Gbé tiẹ̀ wá, màá bá a jẹ ẹ́."

Físíìsì ni mo kà ní yunifásítì. Mo mọ ohun tí súìtì náà wà fún. Afẹ́fẹ́ ní ìwúwo, ó ń tẹ̀ wá láti gbogbo ẹ̀gbẹ́ lójoojúmọ́, a kì í sì í mọ̀ ọ́n lára torí èyí tó wà nínú wa ń tì í padà. Lẹ́yìn awọ etí, àyè kékeré kan wà tí ihò tóóró so mọ́ ọ̀nà ọ̀fun. Tí a bá gbé nǹkan mì tàbí tí a bá yán, ihò yẹn á ṣí, afẹ́fẹ́ inú á sì bá ti ìta dọ́gba. Afẹ́fẹ́ òkè fúyẹ́ ju ti ilẹ̀ lọ. Tí bàálù bá wá ń sọ̀ kalẹ̀, tí ihò náà ò ṣí, ti ìta á máa ti awọ etí wọnú. Gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀, síbẹ̀ mo pa ẹnu dé nítorí ẹ̀jẹ́ tí mo jẹ́. Mo wá itọ́ tí màá gbé mì, ẹnu mi ti gbẹ. Ìrora gún mi létí méjèèjì bí abẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà ariwo bàálù rọlẹ̀ bí ẹni pé yàrá kejì ló ti ń wá.

Nígbà tí mo dé ilé wa ní Uwasota, nínú ìlú Benin níbẹ̀, màmá mi ń sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ ni mò ń wò. Àbúrò mi obìnrin wà nílé. Ekosodin ló ń gbé nítorí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ kì í fi dáhùn. Ó gbé ẹnu sí mi létí, ó pariwo:

"Sister, dem go ask your name, you go answer amen!"

Màmá mi ò rẹ́rìn-ín. "Ṣé ó ń dùn ẹ́?"

"Ẹ̀n?"

"Mo ní ṣé ó ń dùn ẹ́!"

Mo sọ fún un pé tí mo bá ń jẹ nǹkan lẹ́nu, etí náà lè ṣí. Mo tún sọ pé tí mo bá já ààwẹ̀ tí wọn ò gbà mí, màá máa rò pé ọ̀fun mi ló fà á; tí mi ò bá já a, tí mi ò sì gbọ́ ìbéèrè, màá máa rò pé agídí mi ni. Omijé ti dé ojú mi.

Ó mú àgbálùmọ̀ kan, èyí tí àwọn ará Benin ń pè ní òtien, ó tẹ̀ ẹ́ fọ́, ó fi lé mi lọ́wọ́.

"Jẹ ẹ́. Ọlọ́run mọ̀ pé etí lo fi ń jẹ ẹ́. Màá bá ẹ gba ààwẹ̀ tó kù."

"Mummy, my own ear dey pain me too o," àbúrò mi wí, ó ti na ọwọ́.

Àgbálùmọ̀ náà kan gan-an, itọ́ sì kún ẹnu mi. Mo ń gbé e mì, mo ń yán, mo tún ń gbé e mì. Nígbà tó yá, nǹkan dún pọ́ nínú etí òsì mi, ohùn màmá mi sì já wọlé. Kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀, àdúrà ló ń gbà. Etí ọ̀tún ò ṣí.

Ní báǹkì náà, kí n tó jókòó, mo sọ fún àwọn tó wà nídìí tábìlì pé bàálù ti dí mi létí ọ̀tún, kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí n yí àga mi. Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́. Obìnrin tó wà láàárín wọn, tó padà di ọ̀gá mi, gbé ọwọ́ sókè.

"Àwa ti gbọ́. Ìwọ ló kù tó yẹ kó gbọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo kọ etí òsì sí wọn, mo jókòó ní ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀. Wọ́n ń bi mí, mò ń dáhùn, títí obìnrin náà fi bi mí ní ohun tó máa ń mú kí èlé orí owó ga. Mo dákẹ́. Ó tún un sọ, ó gbé ohùn sókè díẹ̀ nítorí mi.

"Mo gbọ́ yín, mà," mo ní. "Mi ò mọ̀ ọ́n ni."