Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Ọmọ Mi Ló Ba Kọ̀ǹpútà Jẹ́

Bí mo bá gbóòórùn bọ̀ọ̀lì tó ń jóná pọ̀ mọ́ èéfín dísẹ́ẹ̀lì, iwájú gáréèjì Ore ni ọkàn mi máa ń lọ, sí ṣọ́ọ̀bù kékeré tí a ti ń tẹ̀wé, tí a sì ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá nígbà náà. Ọmú ló ń mu, nítorí náà mo máa ń gbé e lọ síbi iṣẹ́, mo tẹ́ ẹní fún un lábẹ́ tábìlì mi. Ọ̀gá mi ti fọwọ́ sí i kí n tó bẹ̀rẹ̀.

O mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní gáréèjì wa: mọ́tò kì í kó èrò àfi tó bá kàn án, awakọ̀ tí kò bá sì sí nítòsí nígbà tí wọ́n pè é, ẹ̀yìn gbogbo wọn ló máa lọ. Ọ̀gá mi wá ṣe ojú òpó íńtánẹ́ẹ̀tì kan, kí wọ́n lè máa fi fóònù wo ẹni tó kàn. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì mi ló gbé e sí. Inú rẹ̀ ni sáfà wà, ètò tó ń dá gbogbo ẹni tó bá wá wo ojú òpó náà lóhùn. Nígbà tó yá, ojú òpó bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́sàn-án gangan. Ọ̀gá á pa kọ̀ǹpútà, á tún tàn án, á jí díẹ̀, á tún kú. Awakọ̀ á ya wọlé.

“Ìyàwó wa, ta ló kàn? Àbí ọmọ ẹ ló fẹ́ wa mọ́tò lónìí?”

Wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀gá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ gidi. “Ìyá Ìkókó, ọmọ ẹ ló ń tẹ nǹkan. Má gbé e wá mọ́.”

“Ọ̀gá, ọwọ́ rẹ̀ ò tó orí tábìlì.”

“Mo ní má gbé e wá.”

Lọ́jọ́ kejì, mo fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá onílé wa. Kó tó di ọ̀sán, wàrà ti rin búláòsì mi gbindin, mo fi ìborùn bò ó, mo ń tẹ̀wé oníwèé. Ìgbà náà ni ojú òpó tún kú. Mo wo ojú ọ̀gá. “Ọmọ ò sí níbí o, sà.” Ṣé o mọ ohun tó sọ? Ó ní ohun tí ọmọ ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ṣì ń bá a jà. Inú bí mi débi pé etí mi ń gbóná. Ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀, wọ́n ti dá a lẹ́jọ́ tán, kò sẹ́ni tó bi kọ̀ǹpútà ní nǹkan kan.

Èmi bi í. Ó ní kò sáyè mọ́ nínú òun. Mo wá ohun tó gba àyè náà, fáìlì kan ṣoṣo ni: lọ́ọ̀gì, ibi tí sáfà ń kọ gbogbo ẹni tó bá wá wò ó sí. Ìbẹ̀rù kí ipò wọn má baà bọ́ ò jẹ́ kí àwọn awakọ̀ sinmi. Wọ́n ń jẹ ẹ̀bà, wọ́n ń tẹ fóònù. Ìlà kan fún títẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó sọ fún sáfà pé kó máa da èyí tó ti pẹ́ nù.

Mo ní kí n pa á rẹ́, kọ̀ǹpútà kọ̀: sáfà ṣì dì í mú. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún kọ̀. Ọmọ mi wá sí mi lọ́kàn. A kì í já ọmú gbà lẹ́nu ìkókó. Ìka la ń rọra fi sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á jọ̀wọ́ rẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká dá sáfà dúró ná.”

Ó dá a dúró. Fáìlì náà lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ̀gá tún gbé sáfà dìde, ó sì tò ó kó máa bẹ̀rẹ̀ fáìlì tuntun láràárọ̀, kó máa da ti àtijọ́ nù. Níta, awakọ̀ kan ń pariwo, “Èmi ló kàn!”

“Ó ti ń ṣiṣẹ́,” ni ọ̀gá wí, bí ẹni pé òjò ló dá.

“Ọmọ mi ńkọ́, sà?”

Ó yíjú sí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì. “Máa gbé e bọ̀.”

Kò bẹ̀ mí ju bẹ́ẹ̀ lọ títí mo fi kúrò níbẹ̀, ó sì ń dùn mí dòní. Lọ́jọ́ kejì mo tẹ́ ẹní náà sí àárín ṣọ́ọ̀bù, níbi tí gbogbo ẹni tó bá wọlé ti máa rí i. Láti ìgbà yẹn, bí nǹkan bá bàjẹ́ nílé wa, tí gbogbo ojú sì yí sí ẹni tó kéré jù, nǹkan náà ni mo máa ń kọ́kọ́ bi.