Bísímílááhì Lókè, Revolution Nísàlẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi jókòó díẹ̀, mo fẹ́ ro ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá fún yín. Tí ẹ bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ kà á dé ìparí ná.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé Peckham ni mò ń gbé, nínú estate kan lẹ́yìn Rye Lane, ní àjà kẹta. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe. Èmi àti ọmọ mi Rùkáyà, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, la jọ ń gbé. Ìwé tá a fi ń tọrọ páálí ìgbélùú níbí ti wà lọ́dọ̀ ìjọba tipẹ́, wọn ò sì tíì dá wa lóhùn. Ẹni tó bá ti dúró de irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí mọ ohun tí mò ń sọ. Tí lẹ́tà bá já bọ́ lẹ́nu ọ̀nà, àyà èèyàn á kọ́kọ́ já. Tí mo bá pàdé ọlọ́pàá lójú títì, ṣe ni mo máa ń tún hijab mi tò bí ẹni tó jí nǹkan. Kí ni mo ṣe? Mi ò ṣe nǹkan kan!

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, school Rùkáyà fi text ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní kí n wá lọ́jọ́ Monday, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nípa project tí ọmọ mi ń ṣe nínú ẹ̀kọ́ Politics. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò sọ pé ó dáa, wọn ò sọ pé kò dáa.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an sì ni voice note kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp àwa ìyá mọ́ṣáláṣí. Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ẹni tó ń sá pamọ́. Ó ní wọ́n pe òbí ọmọ Mùsùlùmí kan ní school nítorí ohun tí ọmọ náà kọ sínú ìwé, pé kí kálukú máa yẹ báàgì ọmọ rẹ̀ wò. Ṣé òótọ́ ni? Mi ò mọ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo gbọ́ ọ.

Mo bá wọ yàrá Rùkáyà lọ.

Mo ṣí wọ́dúróòbù. Háà! Ó ti lẹ bébà mọ́ inú ilẹ̀kùn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Liberalism. Conservatism. Socialism. Anarchism. Fascism. Ó ya àwòrán ilẹ̀ Yúróòpù, ó wá fi ọfà pupa fà á jáde lọ sí Áfíríkà àti Íńdíà. Àwòrán ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ń wò mí láti àárín wọn bí ẹni tí mo jẹ lówó.

Abẹ́ ìrọ̀rí ni mo ti rí ìwé dúdú kan, ẹ̀yìn rẹ̀ le. Mo ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́. Ẹnì kan tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n ti kọ Bísímílááhì sókè rẹ̀ ní Lárúbáwá. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ ọmọ tèmi, lẹ́tà gàdàgbà: HOW REVOLUTION CAME TO US.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́: bí àjèjì bá ṣí ìwé yẹn, tó rí Bísímílááhì lókè, tó rí revolution nísàlẹ̀, kí lẹ rò pé á rò? Ta ló kọ Lárúbáwá yẹn fún un? Ibo ló ti ń pàdé onítọ̀hún? Mi ò ṣí ojú ìwé kejì. Mo pa ìwé náà dé bí ẹni tó rí ejò nínú rẹ̀.

Ṣé kí n pe ọmọ náà ni? Ó ti pa fóònù, ó wà ní kíláàsì. Ká tiẹ̀ ní kò pa á, mi ò rò pé mo lè béèrè. Ìdáhùn tó lè fún mi ló ń bà mí lẹ́rù.

Mo ya gbogbo bébà ara wọ́dúróòbù, mo kó o sínú báàgì ìdọ̀tí, mo lọ dà á nù nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé dúdú yẹn ńkọ́? Orúkọ Ọlọ́run wà níbẹ̀! Ní Ìsẹ́yìn tí wọ́n ti bí mi, bí bàbá mi bá rí bébà tí wọ́n kọ orúkọ Ọlọ́run sí nílẹ̀, wọ́n á he é, wọ́n á sun ún níbi tó mọ́, wọ́n á sì ri eérú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọn kì í gbé e sórí ààtàn láéláé. Mi ò lè jù ú nù, mi ò lè fà á ya. Kí n gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí? Kí n gbé e kọjá ní Rye Lane nínú báàgì mi, kí n wá fún ẹni tó máa ṣí i kà? Ó tì o.

Iná ló kù.

Mo gbé ògbólógbòó ìkòkò kan sórí bálikónì, mo ki ìwé náà bọ̀ ọ́, mo da òróró díẹ̀ sí i, mo ṣe Bísímílááhì, mo ṣáná. Ìwé ẹlẹ́yìn líle kì í jó bọ̀rọ̀, èéfín ló ń rú. Èéfín dúdú! Ó gòkè lọ bá àwọn ará òkè, ó padà wọlé bá mi, alarm bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Wọ́n ń pariwo lókè, wọ́n ń pariwo nísàlẹ̀. Mo bu omi dà á. Ẹ má da omi sí iná òróró láéláé o! Iná yẹn fò sókè, díẹ̀ ló kù kó mú hijab mi. Aṣọ ìnura tútù ni mo fi bò ó tó fi kú.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ siren. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ tó wúwo lórí àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn náà, gbà, gbà, gbà lára ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí n ṣílẹ̀kùn.

Mo rò pé ọlọ́pàá ni. Mo rí ara mi lẹ́wọ̀n. Mo rí ara mi nínú ọkọ̀ òfuurufú tó ń gbé mi padà sílé. Mo rí Rùkáyà tó dé láti school, tó ń kan ilẹ̀kùn tí kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbé ìkòkò gbígbóná yẹn, mo fẹ́ tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì! Ìgbà tó jó mi lọ́wọ́ ni mo sọ ọ́ sílẹ̀. Mo ka kálímà, mo ṣílẹ̀kùn, mo sì kúnlẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ fún panápaná. Òyìnbó sìgbọnlẹ̀ kan ni, ojú tì í ju tèmi lọ. “No, no, love, get up, please.”

Ó béèrè ohun tí mò ń sun. Mo ní oúnjẹ ni. Ó wo inú ìkòkò, ó fi ọwọ́ ìbọ̀wọ̀ rẹ̀ mú ojú ìwé kan tí kò jó tán, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Ó kà á díẹ̀, ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ òun obìnrin náà ń ṣe A level yẹn, pé ìdánwò náà ti fẹ́ ya gbogbo ilé òun ní wèrè, ṣé ó ti sú ọmọ tèmi tó bẹ́ẹ̀ ni? Ó kìlọ̀ fún mi gidigidi pé èèyàn ì bá kú, pé mi ò gbọdọ̀ dáná lórí bálikónì mọ́. Ó ní kí n fi ọwọ́ mi sábẹ́ omi ẹ̀rọ. Wọ́n lọ.

Iṣẹ́ school! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnnì, ọwọ́ ń ta mí, mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n sunkún.

Nígbà tí Rùkáyà dé, ó gbóòórùn èéfín láti ẹnu ọ̀nà. Ó sáré wọ yàrá rẹ̀.

“Mummy, where's my black book?”

Mo nawọ́ sí ìkòkò.

“Mummy, no. No! Ìwé Bàbá Láwàní nìyẹn! Why would you do that?”

Bàbá Láwàní ni bàbá tó ń gbé nísàlẹ̀ block wa. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Ọ̀dọ́mọdé akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n nígbà tí wọ́n wọkọ̀ ojú omi wá sí London. Ìyàwó wọn ti kú, àwọn ọmọ wọn ò sí nítòsí, ìgbàgbé sì ti ń mú wọn. Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù: èmi ni mo ní kí Rùkáyà máa lọ sọ́dọ̀ wọn ní gbogbo Sátidé, kó máa ka Kùránì sí wọn létí. Tó bá kà á tán, bàbá á máa sọ̀tàn, Rùkáyà á sì máa kọ ọ́ sínú ìwé dúdú yẹn. Àwọn ni wọ́n kọ Bísímílááhì sókè, torí wọn kì í bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan láìkọ ọ́.

Ọmọ yẹn dúró láàárín kíṣìnnì, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń sọ ohun tó wà nínú ìwé fún mi bí ẹni tó ń ka orúkọ òkú. Ó ní ní Yúróòpù, àwọn kan dìde pé ọba kì í ṣe Ọlọ́run, pé kálukú ló ni ara rẹ̀: liberal nìyẹn. Àwọn kan ní ẹ rọra, ẹ má wó ilé bàbá yín kí ẹ tó mọ ibi tẹ́ ẹ máa sùn: conservative. Àwọn òṣìṣẹ́ fáktírì ní irú òmìnira wo ni kò ní oúnjẹ nínú: socialism. Nígbà tó yá, fascism dé, ó ní orílẹ̀-èdè ju èèyàn lọ, ó sì ń tẹ ẹni tó bá ní rárá mọ́lẹ̀. Ó ní bàbá àti àwọn ẹgbẹ́ wọn máa ń jókòó nínú gbọ̀ngàn tútù kan ní London, wọ́n ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ kan ni ọ̀rẹ́ bàbá dìde láàárín àwọn òyìnbó, ó ní: ṣé òmìnira yín kì í wọ ọkọ̀ ojú omi ni? Ṣé etí òkun ló ti máa ń padà sílé?

Ó ní wọ́n tún máa ń bá ara wọn jiyàn. Àwọn kan ní àwa ti ní socialism tiwa láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ṣebí àáró àti ọ̀wẹ̀ nìyẹn. Bàbá ní rárá o, ẹni tó mọ̀ ọ́ ló ń bá ọ ṣe àáró, ìjọba ò mọ̀ ọ́.

Ti ọjọ́ Monday ńkọ́? Rùkáyà ní ṣe ni school fẹ́ kí n wá gbọ́ bí òun ṣe máa kà á sókè.

A jọ sọ̀kalẹ̀ lọ bá bàbá. Mo kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ náà, mo jẹ́wọ́. Bàbá wo ọwọ́ mi tí mo fi báńdéèjì dì.

“Ìyá Rùkáyà, èmi náà sun ún rí. Inside my room, in Brixton. Bucket landlady ni mo lò.”

Wọ́n ní nígbà tí àwọn sójà gbàjọba nílé, lẹ́tà dé pé wọ́n ti kó àwọn ọ̀rẹ́ àwọn tó padà sílé, pé ọ̀kan ti kú sẹ́wọ̀n, ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi yẹn. Bàbá bá sun gbogbo ìwé ìpàdé, fọ́tò, gbogbo ẹ̀.

“Mo ní wọ́n ń bọ̀ wá mú mi. Mo dúró. Mo gbéyàwó, mo bímọ, mo retire, mo ṣì ń dúró. Nobody came, my daughter. Kò sẹ́ni tó wá.”

Rùkáyà ṣí ìwé tuntun. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ tún orúkọ ọ̀rẹ́ yẹn sọ fún òun. Bàbá la ẹnu. Wọ́n ní ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Wọ́n ní ó ga, ó máa ń wọ kóòtù ẹlòmíì, apá rẹ̀ kì í tó o. Orúkọ ò wá. Mo wo Rùkáyà.

“I wrote it down, Mummy,” ni ohun tó sọ. “Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má bàa gbàgbé.”

Bàbá yíjú sí mi. Wọn ò bínú rárá, ìyẹn ló pa mí. Wọ́n rọra béèrè: “Ìwọ Ìyá Rùkáyà, nígbà tó o ka ìwé náà, o ò rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀?”

Èmi tí mi ò ṣí ojú ìwé kejì!

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ò pọ̀. Bí ẹ̀rù bá bà yín, ó lè nídìí, mi ò ní purọ́ fún yín pé ẹ̀rù tèmi ti lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣáná, ẹ ṣí ojú ìwé kejì. Ẹ bi ọmọ yín léèrè. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ̀kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ bàbá báyìí pẹ̀lú fóònù mi, mò ń gba ohùn wọn sílẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ọjọ́ kan máa dé tí wọn ò ní mọ̀ mí mọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ẹ̀rù ti mú kí ẹ fi ọwọ́ ara yín bàjẹ́ rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹnì kan nínú yín bá ní ẹ̀gbọ́n bàbá tàbí bàbá àgbà kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ga, tó kàwé ní London láyé àtijọ́, tó padà sílé tó sì kú sẹ́wọ̀n, ẹ bá mi kọ orúkọ rẹ̀. Bàbá Láwàní ń dúró.