Àgọ́ Tí A Kọ́ Fáwọn Ọmọ

Títí di òní, eré tí ọmọbìnrin mi yàn láàyò kò yé mi. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì á fi igi gbá a, á ju igi sílẹ̀, á wá máa sá lọ bí ẹni tó jalè. Á sáré yípo pápá, á padà síbi tó ti gbéra gan-an, gbogbo wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè. Mo bi í pé ibo ló wá lọ. Ó ní, "Dádì, kò lè yé yín." Òótọ́ ló sọ.

Ohun kan ṣoṣo ló yé mi níbẹ̀: bọ́ọ̀lù náà le bí òkúta, kì í sì í lọ síbi tí ẹni tó gbá a ń wò. Pápá ilé ẹ̀kọ́ wọn, lọ́nà Akọ́ka, kò tóbi. Àwọn ọmọ tí kò tíì kàn máa ń jókòó sórí bẹ́ńṣì nítòsí onígi, bọ́ọ̀lù á sì máa kọjá létí wọn fìì. Èmi ni mo pariwo nípàdé àwọn òbí pé ṣé ó dìgbà tí orí ọmọ kan bá fọ́ ká tó wá nǹkan ṣe. Àwọn tó mọ̀ mí ní Bajulaiye, níbi tí mo ti ń gé ìwé fáwọn atẹ̀wé, mọ̀ pé tí mo bá ń pariwo, ẹ̀rọ ìgéwèé mi gan-an kì í gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

A dáwó jọ. Wẹ́dà kan láti Bàrígà kọ́ àgọ́ kékeré kan: páànù lórí, bẹ́ńṣì nínú, wáyà nẹ́ẹ̀tì tó nípọn níwájú láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kóòṣì ní kò sí bọ́ọ̀lù tó lè gba ibẹ̀ kọjá. Ọkàn mi balẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò rò ni pé kò sí ibòji mìíràn ní gbogbo pápá náà.

Lọ́jọ́ ìdíje àkọ́kọ́, oòrùn mú bí ẹni pé wọ́n rán an níṣẹ́. Mo mú ìyá mi dání. Láti ìgbà tí ìyá mi ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ń gbé pẹ̀lú wa ló ti fẹ́ràn ọmọ yìí ju èmi tó bí lọ, kò sì fi pa mọ́. Bí a ṣe wọ pápá, ọmọbìnrin mi rí i láti inú àgọ́, ó dìde, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá àgbà, ẹ wá jókòó." Inú mi dùn. Ọmọ tí a kọ́ tó gbọ́ ni. Ìyá mi jókòó.

Lẹ́yìn náà ni alága ẹgbẹ́ òbí dé, ọmọ mìíràn dìde fún un. Ìyá olùkọ́ kan tún dé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ń jáde. Nígbà tí mo fi máa wò yíká, àwọn àgbà ti kún inú àgọ́ fọ́fọ́, wọ́n ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn wáyà, àwọn tí a kọ́ ọ fún sì wà lórí koríko níta.

Kóòṣì, tí kò ju ọ̀dọ́mọkùnrin lọ, tẹríba kó tó sọ̀rọ̀. "Ẹ má bínú mà, ẹ má bínú sà. Please, players nìkan ló ń jókòó síbí. Torí safety ni."

Alága rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ṣé kí oòrùn wá pa wá ni? Ọmọdé ni wọ́n jàre, kò lè rẹ̀ wọ́n."

Kóòṣì wojú mi. Èmi aláriwo wojú ìyá mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ìyá tó bí mi, lójú gbogbo èèyàn, pé kó dìde nínú ibòji kó bọ́ sínú oòrùn? Báwo ni mo sì ṣe fẹ́ fi ọmọ mi sílẹ̀ níbi tí bọ́ọ̀lù ti ń fò? Orí mi dàrú. Mo súnmọ́ ìyá mi, mo rọra sọ ọ́ sí i létí.

Kò jẹ́ kí n parí ẹ̀. "Ohun tó lè ṣe ọmọ léṣe wà níta, o wá jẹ́ kí n gba àyè rẹ̀ jókòó?" Ó ti jáde, ó ti di ọmọ mi lọ́wọ́ mú. "Wọlé, lọ jókòó."

"Rárá o, Màmá àgbà. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ jókòó."

"Mo ní kó o jókòó!"

"Màmá, mi ò lè jókòó kẹ́ ẹ wà lóòrùn."

Ibi tí wọ́n ti ń fa èyí lọ́wọ́ ni lańlọ́ọ̀dù wa, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ náà wà nílé ẹ̀kọ́ yìí, ti dé. Ó kí gbogbo wa dáadáa, ó sì fìdí lé àyè náà. Ẹ̀rín ń pa mí, inú sì ń bí mi.

Eré ti bẹ̀rẹ̀ lórí pápá. Igi gbá bọ́ọ̀lù, kọ̀! Kóòṣì kígbe nǹkan kan tí mi ò gbọ́ dáadáa. Ọmọ mi gbọ́ ọ. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti gbéra láti sá, ṣùgbọ́n ó bojú wẹ̀yìn, ó rí ìyá mi tó dúró sójú kan. Ó padà, ó gbá a mọ́ra, ó kọ ẹ̀yìn sí bọ́ọ̀lù. Èjìká ló ti bà á.

Lójú ẹsẹ̀ ni àgọ́ ṣófo, gbogbo àgbà tú jáde, "Yéè! Ẹ gbà wá o!" Eegun èjìká rẹ̀ ló sán. Ìyá mi sunkún títí a fi dé ọsibítù. Mo bínú sí alága, mo bínú sí lańlọ́ọ̀dù, mo tún bínú sí wẹ́dà tí kò kọ́ ọ tóbi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wá ẹni tó jẹ̀bi tó, mi ò rí i mú. Gbogbo wọn ló hùwà ọmọlúàbí.

Alága fúnra rẹ̀ wá bẹ̀ wá nílé, ó sì ra agboòrùn ńláńlá fáwọn àgbà. Nígbà ìdíje tó tẹ̀ lé e, ọmọ mi ò lè gbá nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ní òun fẹ́ wà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ òun. Ó jókòó sínú àgọ́, wọ́n fi aṣọ so apá rẹ̀ kọ́ ọrùn. Bí ọkàn mi ṣe ń balẹ̀ bọ̀ ni bàbá kan tó tẹ̀ lé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kejì wá dé pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Kò mọ ohunkóhun nípa wa. Ó yọjú sínú àgọ́, ó ń làágùn.

Ọmọ mi fi ọwọ́ kan tó dá ṣáká ti bẹ́ńṣì, ó ń dìde. Ó dúró láàárín méjì, ó wojú mi. Ìyá mi, lábẹ́ agboòrùn, náà ń wojú mi.

Mo la ẹnu kí n sọ fún un pé kó jókòó. "Ẹ káàbọ̀, bàbá," ni mo gbọ́ tó jáde lẹ́nu mi.

Ọmọ mi sì dìde tán.